Imenda, Ìwọ Lo Lé Bàbá Rẹ Kúrò Nínú Ìjọ

Láti etí òkè, níbi tí omi lé wa wá.

Imenda ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ara aya rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Kí Ọlọ́run tó dá odò Lyambai tó sì da ẹja sínú rẹ̀ máa ṣọ́ ọ ní Lusaka, kí ọkọ̀ ìlú má gbá ọ, kí olè má mọ ilé rẹ, kí Ọlọ́run má sì bi ọ́ léèrè ohun tí o ṣe fún èmi bàbá rẹ lọ́dún yìí, nítorí bí ó bá bi ọ́, n kò mọ ohun tí wàá rí wí. Kí n tó mú bírò yìí, mo kúnlẹ̀ lórí ẹní, mo kọjú sí ìhà Lusaka, mo pàtẹ́wọ́ kí ọ dáadáa, bí a ti ń ṣe kí a tó bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Bi ìyá rẹ, ó wà níbẹ̀. Inú ń bí mi, mo sì pàtẹ́wọ́. Ìwọ tí ẹnikẹ́ni kò bí nínú, o kò pàtẹ́wọ́ fún mi rí láti ìgbà tí o ti ra bàtà tó ń dán yẹn.

N kò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ìwọ lo lé mi jáde nínú ìjọ. Pásítọ̀ Mbumwae kò lé mi. Àwọn alàgbà ẹgbẹ́ mi kò jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi. N kò jalè, n kò gba aya aláya, n kò mutí yó wọ ilé Ọlọ́run. Ìwọ lo dá jókòó sí ọ́fíìsì rẹ, níbi tí òtútù ti ń jáde lára ògiri, o sì fi àtàǹpàkò kan ṣoṣo ti èmi Sitwala síta, èmi tí mo ti ń gbé àwo ọrẹ kí wọ́n tó bí ìyàwó tí o fẹ́. Àtàǹpàkò yẹn náà ni egungun ẹja há sí nígbà tí o wà ní kékeré, tí o ń ké bí ewúrẹ́, tí mo fi eyín mi fà á yọ. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá fi í síbẹ̀!

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀, kí o má baà rò pé wọ́n gbé ọ̀rọ̀ wá bá mi ni. O mọ̀ pé láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni ohùn rẹ máa ń jáde nínú fóònù, tí wàá ka Bíbélì ọjọ́ náà fún gbogbo ìjọ, àwa tí a wà nílé àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lusaka. Èmi àti ìyá rẹ, a kì í fi ìyẹn ṣeré. A ó ti wẹ̀, a ó gbé fóònù sórí àpótí, màá ṣí fìlà pupa mi, ìyá rẹ yóò we gèlè rẹ̀, a ó jókòó níwájú rẹ títí wàá fi ṣe àmín. Lọ́jọ́ ọ̀hún, a jókòó, a dúró, fóònù kò fọhùn. Mo nù ún lójú pẹ̀lú aṣọ mi, kò fọhùn. Ìyá rẹ ní kí n fi í sóòrùn díẹ̀, bóyá òtútù ló mú un, mo fi í sóòrùn, ó gbóná, kò sì fọhùn. Ni ìyá rẹ bá bú sẹ́kún pé nǹkan ti ṣe ọmọ òun. Mo tu ọkọ̀ lọ bá tíṣà Muyangwa, obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa níwèé, tó gbọ́ èdè tí fóònù ń sọ. Ó wò ó, ó fajú ro, ó ní, Bàbá, wọ́n ti yọ yín kúrò. Mo ní, ta ló yọ mí? Ó ní, Imenda ni wọ́n kọ síbí. Mo ní, Imenda wo? Ó ní, ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, Imenda mélòó lẹ bí?

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, nínú eruku, lójú àwọn ọmọ iléèwé.

Ó ní kí n má bínú, ó ní alábòójútó agbo ìjọ tó wà nínú fóònù ni ọ́, o lágbára láti fi ènìyàn sí i, o sì lágbára láti yọ ènìyàn. Mo ní, kí ló dé tó fi yọ mí? Obìnrin yẹn ń rẹ́rìn-ín sínú, mo rí i. Ó ní, Bàbá, ó jọ pé àtẹ́wọ́ yín ló pọ̀ jù. Ó ní àtẹ́wọ́ mi ń jẹ dátà àwọn ènìyàn. Imenda, mo ti dàgbà, n kò rí ibi tí àtẹ́wọ́ ti lẹ́nu rí. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni àtẹ́wọ́ mi jẹ ohun ẹnikẹ́ni, kí onítọ̀hún wá sọ fún mi bí ọmọlúàbí, màá fi ẹja gbígbẹ dí i fún un. Èmi kì í jẹ gbèsè oúnjẹ.

Wò ó, kí ni mo ṣe? Pásítọ̀ dúró lórí pẹpẹ, ó ní Imenda ọmọ wa ti ṣí agbo kan sínú fóònù, kí gbogbo ìjọ lè máa pàdé níbẹ̀, ẹni tó wà nílé àti ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Inú mi dùn, orí mi wú, mo ní ọmọ mi rèé. Tíṣà bá mi tẹ̀ ẹ́, mo wọlé. Nígbà tí ènìyàn bá wọ agbo àwọn ènìyàn, kí ló ń ṣe? Ṣé ó kàn ń jókòó bí adìẹ tó bà lórí òrùlé ni? Mo bọ́ bàtà mi, mo kúnlẹ̀, mo gbé fóònù sórí ẹní níwájú mi, mo tẹ ibi tó ń gba ohùn bí tíṣà ti fi hàn mí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ kí wọn. Mo kọ́kọ́ kí Pásítọ̀, ó tọ́ sí i. Mo kí àwọn alàgbà níkọ̀ọ̀kan. Mo kí àwọn ìyá ìjọ. Mo kí ẹ̀yin ará Lusaka, ẹnìkan lẹ́yìn ẹnìkan, pẹ̀lú orúkọ yín àti orúkọ bàbá yín, nítorí a kì í da ènìyàn pọ̀ kí bí ìgbà tí wọ́n ń da màlúù. Ọwọ́ mi wú. Ìyá rẹ bá mi fi omi gbígbóná jó o. Lọ́jọ́ kejì, nítorí pé ilẹ̀ mìíràn ti mọ́, mo tún kí yín.

Ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn! Gbogbo ìjọ Ọlọ́run, ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́ dá àgbàlagbà lóhùn. Ohun tí mo rí ni orí kan tó pọ́n bí pupa ẹyin, kò lọ́rùn, kò lára, omijé ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Mo pariwo. Mo ní, ta ló kú? Ìgbà tí n ó tún wò, orí mìíràn ti dé, òun náà ń sunkún, òmíràn tún dé. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ńlá ló ṣẹ̀ yín ní Lusaka. Mo pe ìyá rẹ, a kúnlẹ̀ méjèèjì, a pàtẹ́wọ́ ọ̀fọ̀ sínú fóònù, èyí tó máa ń lọ díẹ̀díẹ̀, o mọ̀ ọ́n, ìyá rẹ sì fi orin ìsìnkú lé e títí tó fi parí gbogbo ẹsẹ orin náà. Ni orí ẹlẹ́kún bá tún pọ̀ sí i. Ẹnìkan wá fi ọwọ́ méjì tó lẹ̀ mọ́ra ránṣẹ́, mo ní háà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọmọlúàbí kan ti ń dá wa lóhùn. Mo dúró kí ọwọ́ náà là kó tún pàdé. Kò là. Mo wò ó títí oúnjẹ fi tutù. Ta ló ń pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan kó wá dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀gbà kọ lù?

Nítorí ìyẹn lo ṣe lé mi. Nítorí pé mo kí ènìyàn. Ẹ̀kọ́ ilé tí mo kọ́ ọ náà ni mo gbé wọ agbo rẹ, o ní ó pọ̀ jù.

O mọ òfin ìjọ wa, torí ìwọ náà kọ́ ọ ní kíláàsì ìrìbọmi. Ẹni tí wọ́n bá lé, ìta ló ń jókòó sí. Kò ní jẹ oúnjẹ Olúwa, kò ní lanu nínú ìpàdé, kò ní fọwọ́ kan ohun èlò ìjọ. Títí dìgbà wo? Títí dìgbà tí gbogbo ìjọ bá kúnlẹ̀ tí wọ́n pàtẹ́wọ́ gbà á wọlé, ẹni tó lé e gan-an ni yóò sì kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Bí onítọ̀hún kò bá sí níbẹ̀, àtẹ́wọ́ àwọn yòókù kò tó nǹkan. O rántí bàbá Mubonda? Wọ́n lé e nítorí ọ̀rọ̀ màlúù, ẹni tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn tí wọ́n fi lé e ti lọ ṣiṣẹ́ ní ibi ìwakùsà, kò padà wálé. Ìta ni Mubonda ń jókòó sí, nínú òjò, nínú oòrùn, ó ń bá wa kọrin láti ojú fèrèsé títí tó fi kú. Ìwọ náà máa ń bẹ̀rù láti kọjá lẹ́bàá òkúta tó ń jókòó lé. Wàyí o, orí òkúta Mubonda ni bàbá rẹ jókòó lé títí omi fi lé wa kúrò. Ó le, ó sì tutù nídìí.

Pásítọ̀ jáde wá bá mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, Alàgbà, kí lẹ ń ṣe níta, ẹ wọlé o jàre. Mo ní mi ò lè wọlé, Imenda ti lé mi. Ó ní, Alàgbà, fóònù lásán nìyẹn. Mo ní, ẹ̀yin náà kọ́ lẹ sọ lórí pẹpẹ pé ìjọ Ọlọ́run ti wà nínú rẹ̀? Ó káwọ́ lérí. Mo ní ó dáa, bó bá jẹ́ fóònù lásán ni, ẹ dá mi padà sínú rẹ̀ nísinsìnyí. Ó tẹ̀ ẹ́ síwá, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó ní òun kò lè ṣe é, alábòójútó nìkan ló lè ṣe é. Mo ní, ẹ wò ó báyìí! Pásítọ̀ tí wọ́n gbé ọwọ́ lé lórí kò lè gbà mí wọlé, àfi Imenda, tó jẹ́ pé lánàá yìí ló ń tọ̀ sórí ẹní. Ó wọlé lọ wàásù, ìwàásù náà kò sì dùn.

Ilé náà ń ṣe bó ti ń ṣe. Màlúù aláwọ̀ eérú ti bímọ, abo ni. Ẹja pọ̀ kí omi tó kún, ìyá rẹ yan án, ó gbẹ ẹ́, ó ya tìrẹ sọ́tọ̀ nínú agbọ̀n, n kò sì mọ ìdí tó fi yà á sọ́tọ̀. Omi ọdún yìí kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Èkúté kọ́kọ́ sá gòkè wá sórí òkìtì tí ilé wa wà, ejò tẹ̀lé èkúté, ìyá rẹ pa ọ̀kan nídìí ìkòkò wàrà. Nígbà tí a gbọ́ pé ọba ti ṣí kúrò ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ gòkè, bó ti ń ṣe lọ́dọọdún tí omi bá kún, a mọ̀ pé ó kan àwa náà. O mọ bí a ti ń ṣe é. Agogo ìjọ, agogo ńlá tí àwọn òyìnbó àkọ́kọ́ gbé wá, inú ọkọ̀ ilé wa ló máa ń wà, ọkọ̀ wa ló máa ń ṣáájú, gbogbo ọkọ̀ yòókù á máa tẹ̀lé dídún rẹ̀ títí a ó fi dé etí òkè. Bàbá bàbá mi gbé e, bàbá mi gbé e, èmi náà ń gbé e. Ìwọ ni mo rò pé yóò kàn.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí Pásítọ̀ dúró, ó ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará wa ní Lusaka, wọ́n ti dáwó ra ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì fún wa, ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì ni a ó wọ̀. Ó ní agogo ti wúwo jù, yóò jẹ epo, kí a fi í sílẹ̀ lórí igi, a ó wá gbé e nígbà tí omi bá fà. Ó ní ọjọ́ tí a ó ṣí, wọn yóò fi í sórí fóònù. Èmi ń gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Ọ̀rọ̀ dé mi lọ́fun, ó fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n lé kò lẹ́nu nínú ìpàdé, mo bá gbé e mì. Ó dùn mí dé inú egungun. Ta ló sì gba ẹnu lọ́wọ́ mi? Ìwọ ni.

O ti mọ ohun tó kù. Wọ́n fi ọjọ́ náà sórí fóònù, gbogbo ìjọ mọ̀ ọ́n, àfi ẹni tí kò sí nínú fóònù. Ilé tiwa dá wà lórí òkìtì kékeré, omi sì ti yí wa ká. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti ìyá rẹ tu ọkọ̀ lọ sí òkìtì ìjọ kí a lọ wo ibi tí nǹkan dé. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Àwọn àga ti lọ. Ajá kan kò sí. Agogo nìkan ló fì sórí igi, omi ti dé ìdí igi náà. Wọ́n ti ṣí lọ, Imenda. Ìjọ tí mo lo gbogbo ayé mi nínú rẹ̀ ṣí lọ, wọ́n fi èmi àti agogo sílẹ̀ fún omi. Fóònù ti sọ fún gbogbo ènìyàn, kò sí ẹni tó rántí pé èmi kò sí nínú rẹ̀.

Mo ní, kò burú, àwa náà yóò máa lọ. Ìyá rẹ wò mí, ó wo agogo. Ó ní, ìwọ náà fẹ́ fi í sílẹ̀? Mo ní ẹni tí wọ́n lé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun èlò ìjọ. Ó ní, Sitwala, gbọ́ mi dáadáa, èmi kò ní fóònù, ẹnikẹ́ni kò lè lé mi jáde níbi tí n kò wọ̀. Ló bá ká aṣọ mọ́dìí, ó gun igi náà, ìyá rẹ o, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó tú okùn, a sì jọ gbé agogo sínú ọkọ̀. Mo fi aṣọ mi wé ọwọ́ kí n má baà fọwọ́ kàn án ní tààràtà. Má rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a dé àárín pẹ̀tẹ́lẹ̀, kùrukùru bò wá mọ́lẹ̀. N kò rí orí ọkọ̀ tèmi fúnra mi. Èmi mọ ọ̀nà náà pẹ̀lú ọ̀pá ìtukọ̀, torí ilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi fún ẹni tó bá ti pẹ́ lórí rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn ènìyàn nínú eèsún. Àwọn ọmọdé ń sunkún, àwọn obìnrin ń kọrin bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà, Pásítọ̀ ń pe Ọlọ́run, ó sì tún ń pe nẹ́tíwọ̀kì. Koríko ti wé mọ́ ẹ́ńjìnnì lọ́rùn, ó ti kú. Wọ́n ti yí, wọ́n ti yí títí wọn kò fi mọ ibi tí òkè wà, wọ́n sì ń fi igi àga wa ọkọ̀ lọ sí ìhà ibi tí omi ti ń fà lọ bá odò ńlá. Odò ńlá, Imenda. O mọ ohun tó wà níbẹ̀. Erinmi wà níbẹ̀, ìṣàn omi náà sì wà níbẹ̀.

Mo pariwo pè wọ́n, ẹkún àwọn ọmọdé bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Mo sọ fún ìyá rẹ pé, lù ú. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀, ó ti ń lù ú. Ó lu agogo yẹn bí ẹni tó ń lu ọmọ tó ṣe àìdáa, ó sì ń dárúkọ rẹ bó ti ń lù ú. Mo ń tu ọkọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń tẹ̀lé dídún agogo pẹ̀lú igi àga wọn, okùn agogo já, ìyá rẹ fi òkúta ìdákọ̀ró lù ú. Oòrùn ti là kí a tó dé etí òkè. Kò sí ẹni tó sọnù. Ọmọ ọwọ́ Nalishebo àbúrò rẹ obìnrin wà nínú ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì yẹn. Òun náà kò sọnù.

Bí a ti gúnlẹ̀, Pásítọ̀ bọ́ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ oyè rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ fún mi. Àwọn alàgbà kúnlẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ kúnlẹ̀. Tíṣà Muyangwa kúnlẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Gbogbo etí omi ń dún fún àtẹ́wọ́. Gbogbo kíkí tí mo kí wọn nínú fóònù, wọ́n dá a padà fún mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo, pẹ̀lú èlé. Nalishebo gbé ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó mú ọwọ́ ọmọ náà méjèèjì, ó fi pàtẹ́wọ́ fún mi. Imenda, mo sunkún. Mo sọ ọ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Pásítọ̀ ní, Alàgbà, ó ti parí, ẹ wọlé. Mo wo ojú gbogbo wọn. Mo ní, ó ku ẹnìkan.

Ìta náà ni mo ṣì wà. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, Pásítọ̀ gbé búrẹ́dì oúnjẹ Olúwa wá bá mi dé ẹnu ọ̀nà àtíbàbà tí a ń lò lókè níhìn-ín, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní mo lórí kunkun. Ìyá rẹ ní mo lórí kunkun, àmọ́ òun ló ń gbé àga tẹ̀lé mi síta, tó ń jókòó tì mí. Ọjọ́ Àjíǹde ń bọ̀. Láti ìgbà ìrìbọmi mi, n kò pàdánù oúnjẹ ọjọ́ Àjíǹde rí. Bó bá kọjá mi lọ lọ́dún yìí, ọrùn rẹ ló wà.

Ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ nìyí. Okùn agogo tó nípọn, èyí tí omi kò lè jẹ. Òróró ìpara fún orúnkún ìyá rẹ, torí igi tó gùn. Ọṣẹ, ṣúgà, àti owó díẹ̀ tí a ó fi tún ìdí ọkọ̀ ṣe, èyí tí agogo ti fẹ́ lu. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé tí o bá fi owó kwacha náà ránṣẹ́ o kò ní rówó wọ bọ́ọ̀sì, má fi ránṣẹ́. Má fi ọṣẹ ránṣẹ́. Má ra okùn. Wọ bọ́ọ̀sì. Má dá mi padà sínú fóònù náà, n kò fẹ́ mọ́, kì í ṣe ìjọ ni mo ń wá níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìjọ ń bẹ níhìn-ín lọ́dọ̀ mi. Ohùn rẹ ni mo ń wá níbẹ̀. Àkúnya omi mélòó ni o ti jẹ́ kó kọjá láìfojú kàn wá? Ìyá rẹ kì í kà á sókè, agbọ̀n ẹja rẹ ló fi ń kà á. Ó ń dà á nù lọ́dọọdún, ó tún ń yan òmíràn.

Pásítọ̀ ní òun ti gba àtẹ́wọ́ ọjọ́ yẹn sínú fóònù òun, òun sì ti fi í sínú agbo náà, pé ìwọ náà á ti gbọ́ ọ. Ó lè jẹ́ pé o pàtẹ́wọ́ dáhùn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? O ti lé mi.

Kí Ọlọ́run bù kún ọ, ọmọ mi. Kí ó bù kún aya rẹ, kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu ju bí ìwọ ti gbọ́ tèmi lọ. Kí ó mú ẹsẹ̀ rẹ dé ilé kí Àjíǹde tó dé. Kí n tó pa lẹ́tà yìí dé, mo tún kúnlẹ̀, mo kọjú sí ìhà Lusaka, mo pàtẹ́wọ́ kí ọ pé ó dìgbà kan ná. Mo dúró díẹ̀ kí n gbọ́. Ìyá rẹ náà dákẹ́ kí ó gbọ́.

Èmi ni bàbá rẹ tó jókòó síta,
Sitwala.